Ọ̀pẹ Tí Kò Lépo

Ọ̀pẹ kan wà ní Svaneke, ní erékùṣù Bornholm,
níbi tí òkun Dẹ́nmáàkì ti ń tutù títí dé ìsàlẹ̀.
Kò lépo, kò lẹ́mu,
kò ní ẹyìn tí ọmọdé lè sun jẹ.
Ewé rẹ̀ là wẹ́wẹ́ bí abẹ̀bẹ̀,
irun bo ara rẹ̀ láti ìdí dé ọrùn
bí ẹni tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀
pé òtútù ló ń jọba níbi tí òun ń lọ.

Thorkild Kofoed, atukọ̀, ló gbé e wálé nínú agolo kọfí,
lọ́dún tí àbíkẹ́yìn wọn já lẹ́nu ọmú.
Ó gbìn ín sẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja,
kí ooru ògiri lè máa kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín:
"Ṣé ó ń so ni? Àbí ó ṣeé dáná?"
Thorkild ní, "Ó ń dúró ni."

Ó dúró. Thorkild ni kò dúró.
Ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.
Ìyàwó rẹ̀, Ingeborg, ló jogún iṣẹ́ ọ̀pẹ.

Bí oṣù kọkànlá bá ti dé, a kó ewé gbígbẹ jọ sí i nídìí,
a ká imọ̀ rẹ̀ sókè, a fi okùn àwọ̀n dì í
bí ìyá ti ń dirun ọmọ tí kò fẹ́ jókòó.
A fi ìdọ̀họ wé e, a fi páànù kékeré dé e lórí,
torí omi tó bá wọnú ọ̀mùnú, tó sì dì síbẹ̀, ikú ni.
"Òtútù nìkan kì í pa á," ni Ingeborg máa ń wí.
"Òtútù tó bá bá omi dọ́rẹ̀ẹ́ ni."

Àwa tí ọ̀pẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí ọmọ ejò,
ta ló fi aṣọ bo ọ̀pẹ rí nínú wa?
A ń gùn ún, a ń dá a lọ́gbẹ́, a ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu,
a kì í sì í bi í pé, ṣé o sùn dáadáa.

Lọ́dún tó kọjá, yìnyín yọ̀ mọ́ Ingeborg lẹ́sẹ̀,
egungun itan rẹ̀ dá.
Nílé ìwòsàn ní Rønne, kò béèrè ológbò, kò béèrè ilé.
"Ta ló wé ọ̀pẹ?"
Kò sẹ́ni tó wé e.
Jeppe tó ń pín lẹ́tà gbọ́, ó sáré lọ, àmọ́ ó ti pẹ́.
Ìdọ̀họ kò tó; ó fi súwẹ́tà Thorkild kún un,
apá méjèèjì ń fì nínú afẹ́fẹ́,
àwọn tó ń kọjá ń kí i.

Oṣù kẹrin, Ingeborg fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé.
Ó di ọ̀mùnú mú, ó fà á díẹ̀
bí a ti ń mi eyín ọmọdé wò.
Ó já. Ó rùn bí ẹja tí a gbàgbé sínú àpò.
Jeppe ti lọ gbé ayùn.
"Gbé e padà."
Ó da oògùn aláwọ̀ aró sínú ihò náà,
ó fi àpótí ẹja jókòó tì í.

Màrìwò tó ní òun ó kan ọ̀run, ẹ̀sín la fi í ṣe.
Èyí kò bá ọ̀run wí nǹkan kan;
òrùlé ilé ẹja ló ń lé láti ọgbọ̀n ọdún.

Oṣù karùn-ún, òfo.
Oṣù kẹfà, òfo, àti eṣinṣin.
Nígbà tí oṣù keje ń lọ, nǹkan kan yọrí,
ó kúrú, ẹnu rẹ̀ gé kùmọ́
bí ẹni pé àlùmọ́gàjí ti gba ibẹ̀ kọjá.
Kò lẹ́wà rárá.
Ingeborg mú bírò, ó fa ìlà dúdú sí i lára
níbi tó ti ń jáde láàárín ewé àgbà.
Láràárọ̀, kó tó mu kọfí, ó ń lọ fi ìka wọ̀n ọ́n.

Lánàá, ìlà náà ti ṣí kúrò nípò
ní ìwọ̀n èékánná kan.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ó kàn pe Jeppe lójú ọ̀nà, ó na súwẹ́tà sí i:
kó bá òun fọ̀ ọ́, kó sá a,
kó sì tọ́jú rẹ̀ de oṣù kọkànlá.